Bréènbọ́ọ̀sì Ọkọ̀ Dísẹ́lì: Kí Gan-an Ni Wọ́n Fẹ́ Yí Padà?



Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú kíláàsì mi níbí ní Houston fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Bàbá rẹ̀ ní píkọ́ọ̀pù kan tó ń lo dísẹ́lì. Ọkọ̀ náà ni bàbá fi ń fa tírélà ẹrù káàkiri Alief, Sugar Land àti Katy. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mẹkáníìkì wọn, tí òun náà jẹ́ ọmọ Yorùbá, wá sílé. Àwọn àgbà méjèèjì ń sọ̀rọ̀ kíákíá. Ohun tó yé ọmọ náà kò ju "bréènbọ́ọ̀sì", "owó" àti "èéfín" lọ. Ó ní, "Àǹtí, Dádì ti sọ pé èmi ni màá gba ọkọ̀ yẹn bí mo bá parí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe sí i?"

Ohun tí wọ́n ń sọ nìyí. Mẹkáníìkì náà mọ ẹnì kan tó lè tún bréènbọ́ọ̀sì ọkọ̀ náà kọ. Ó ní ọkọ̀ yóò lágbára sí i, epo rẹ̀ yóò sì máa pẹ́. Ó tún ní ẹni náà lè bá wọn yọ àwọn ohun tó ń sẹ́ èéfín kúrò, kí ọkọ̀ lè "mí dáadáa".

Ọ̀rọ̀ yìí lè kan ẹ̀yin náà. Bóyá bàbá yín ní píkọ́ọ̀pù, bóyá ẹ̀gbọ́n yín ń wa tírélà láti èbúté Houston. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà títí ó fi yé mi. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ ọ pa pọ̀ ní èdè wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ máa dì mú bí a ṣe ń lọ: kí gan-an ni wọ́n fẹ́ yí padà?

Iná tí kò nílò ìṣáná

Orúkọ ẹlẹ́rọ ará Jámánì kan, Rudolf Diesel, ni wọ́n fi ń pe ẹ́ńjìnnì yìí. Ọdún 1893 ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà, nígbà tó sì di ọdún 1897, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìlú Augsburg.

Nínú ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, púlọ́ọ̀gì ló ń ṣáná sí epo. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì kò nílò ìyẹn. Afẹ́fẹ́ ni ó máa ń fún mọ́ra títí afẹ́fẹ́ náà yóò fi gbóná ju 500°C lọ. Ìgbà náà ni nọ́sù yóò fọ́n epo sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí, epo yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí, ẹ ó rántí pé ìdí pọ́ǹpù máa ń gbóná. Bákan náà ni èyí rí, ṣùgbọ́n ti ẹ́ńjìnnì le jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ìyàtọ̀ kan tún wà. Bí ẹ bá tẹ tọ́tù ọkọ̀ pẹtiróòlù, ẹ ń ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá tẹ tọ́tù ọkọ̀ dísẹ́lì, epo ni ẹ ń béèrè fún. Nítorí náà, ohun tó bá ń pinnu iye epo tí nọ́sù yóò fọ́n ló ń pinnu agbára ọkọ̀. Láyé àtijọ́, pọ́ǹpù onírin ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni.

Bréènbọ́ọ̀sì àti máàpù rẹ̀

Kọ̀ǹpútà yẹn ni àwọn mẹkáníìkì wa ní Nàìjíríà ń pè ní bréènbọ́ọ̀sì, ìyẹn àpótí ọpọlọ. Orúkọ náà bá a mu. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ni ojú àti etí rẹ̀. Wọ́n ń sọ fún un bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí tó, bí ẹsẹ̀ yín ṣe tẹ tọ́tù tó, bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó àti bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó.

Báwo ni bréènbọ́ọ̀sì ṣe ń mọ iye epo tó yẹ? Ó ní àwọn tábìlì nínú. Ẹ ronú nípa ìyá olóúnjẹ kan tó lẹ ìwé kan mọ́ ògiri. Apá òsì ìwé náà sọ iye owó tí oníbàárà mú wá. Òkè ìwé náà sọ bóyá àmàlà ni ó fẹ́ tàbí ẹ̀bà. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni ìyá yóò ti rí iye òkèlè tí yóò bù. Bí tábìlì bréènbọ́ọ̀sì ṣe rí nìyẹn. Ìyára ẹ́ńjìnnì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ohun tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń béèrè wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, iye epo sì wà ní ibi tí wọ́n ti pàdé.

Irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní máàpù. Máàpù yìí kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń wá ọ̀nà lórí Beltway 8 o. Ó wà fún iye epo, fún àkókò tí nọ́sù yóò ṣí, fún bí tọ́bò yóò ṣe ti afẹ́fẹ́ wọlé tó, àti fún iye èéfín tí ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ kọjá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tún máàpù kọ?

Lábẹ́ sítíárìn ọkọ̀ yín, ihò kan wà tí mẹkáníìkì máa ń ki wáyà bọ̀ nígbà tí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn. OBD-II ni orúkọ rẹ̀, ó sì ti wà nínú àwọn ọkọ̀ kékeré ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996. Ibẹ̀ ni oníṣẹ́ ti máa ń ka ohun tó wà nínú bréènbọ́ọ̀sì sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀dà máàpù àkọ́kọ́, kí ó lè dá a padà bí nǹkan bá yíwọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò yí àwọn nọ́ńbà kan padà, tí yóò sì kọ ọ́ padà sínú ọkọ̀. Bí agbára bátìrì bá já láàárín kí ó máa kọ ọ́, bréènbọ́ọ̀sì lè kú síbẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé, bí agbára bá wà nílẹ̀, kí ló dé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kò lò ó tán? Ìdí pọ̀. Wọ́n ń ta ẹ́ńjìnnì kan náà fún ẹni tó ń gbé nínú òtútù Alaska àti ẹni tó ń fa tírélà nínú ooru Texas. Wọ́n mọ̀ pé àwọn kan kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Wọ́n fẹ́ kí gíábọ́ọ̀sì pẹ́. Òfin èéfín sì tún wà. Nítorí náà, wọ́n fi àyè sílẹ̀. Ẹni tó bá tún máàpù kọ ń mú lára àyè yẹn ni. Bí ó bá mú díẹ̀, ó lè má sí wàhálà. Bí ó bá mú púpọ̀, ooru inú ẹ́ńjìnnì yóò pọ̀ jù, tọ́bò yóò máa sáré jù, gíábọ́ọ̀sì yóò sì máa gbé ẹrù tí wọn kò ṣe é fún. Bí ohun tí máàpù tuntun bá bà jẹ́ bá sì jẹ́ ohun tí wárántì ń bójú tó, ilé iṣẹ́ lè kọ̀ láti tún un ṣe.

Ṣé epo máa pẹ́ lóòótọ́?

Ó lè pẹ́ díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ní agbára púpọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́jẹ́, kò ní pọn dandan kí awakọ̀ máa tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra agbára máa ń fẹ́ lò ó, agbára tí a bá sì lò, epo ló ń san owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kan. Ká ní píkọ́ọ̀pù kan ń rin máìlì 18 lórí gálọ́ọ̀nù kan, ó sì ń rin 12,000 máìlì lọ́dún. Yóò jẹ gálọ́ọ̀nù 667. Bí máàpù tuntun bá gbé e dé máìlì 19, yóò jẹ gálọ́ọ̀nù 632. Èrè rẹ̀ jẹ́ gálọ́ọ̀nù 35. Bí gálọ́ọ̀nù kan bá jẹ́ $3.50, èrè náà kò ju nǹkan bíi $123 lọ lọ́dún. Bí oníṣẹ́ bá gba $800, yóò tó ọdún mẹ́fà àti ààbọ̀ kí owó yẹn tó padà. Bí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá sì wúwo, tí ọkọ̀ wá dé máìlì 17, àdánù ni.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún bàbá yín pé "epo á máa pẹ́", ẹ bi í pé: máìlì mélòó lórí gálọ́ọ̀nù kan? Ta ló wọ̀n ọ́n, báwo ló sì ṣe wọ̀n ọ́n?

Èéfín nìwà

Àwọn àgbà máa ń sọ pé èéfín nìwà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a ṣe lè bo ìwà mọ́lẹ̀ tó, yóò rú jáde. Mi ò mọ ìtàn tó bá òwe yìí mu tó ìtàn Volkswagen.

Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí ní West Virginia University gbé àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n ti so ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín mọ́ ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ dísẹ́lì mélòó kan, wọ́n sì wà wọ́n lójú títì gidi. Méjì nínú àwọn ọkọ̀ náà jẹ́ Volkswagen. Nínú ilé ìdánwò, èéfín wọn mọ́. Lójú títì, gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní NOx pọ̀ nínú rẹ̀ ju ohun tí òfin gbà lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, fi àṣírí náà hàn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ wà nínú bréènbọ́ọ̀sì. Sọ́fítíwíà náà ń wo bí sítíárìn ṣe rí, ìyára ọkọ̀ àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe ti ń ṣiṣẹ́ pẹ́ tó, láti mọ̀ bóyá wọ́n ń dán ọkọ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ ìdánwò, yóò mú máàpù tó mọ́ jáde. Bí kì í bá ṣe ìdánwò, yóò mú òmíràn. EPA sọ pé NOx lójú títì lè tó ìlọ́po 40 ohun tí òfin gbà. Ọkọ̀ bíi 482,000 ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ náà gbà pé ó wà nínú ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 11 káàkiri ayé, nígbà tó sì di ọdún 2017, ó jẹ́bi níwájú ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Nínú oṣù kẹsàn-án yẹn kan náà, Harris County, tí ọ̀pọ̀ jù lọ ìlú Houston wà nínú rẹ̀, pe Volkswagen lẹ́jọ́. Nígbà tó yá, ìpín Texas nínú owó tí ilé iṣẹ́ náà san láti tún àyíká ṣe ju mílíọ̀nù $209 lọ, wọ́n sì fi lára rẹ̀ pààrọ̀ àwọn ọkọ̀ dísẹ́lì àtijọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: irin ọkọ̀ náà kò yàtọ̀ nínú ilé ìdánwò àti lójú títì. Nọ́ńbà inú máàpù ló yàtọ̀. Ẹni tó mọ nọ́ńbà yẹn nìkan ló mọ ohun tí ọkọ̀ ń ṣe.

Kí ló dé tí ó fi kan Houston?

Bí NOx bá pàdé àwọn gáàsì tó ń jáde láti ilé iṣẹ́ epo, tí oòrùn sì ràn sí i, yóò di gáàsì ósóònù. Ósóònù tó wà lókè réré ń dáàbò bò wá, ṣùgbọ́n èyí tó wà nílẹ̀ ń ta àyà. Houston ní ọkọ̀, ó ní ilé iṣẹ́ epo, ó sì ní oòrùn. Ìdí nìyẹn tí Houston àti àwọn county tó yí i ká kò tíì fi bá òṣùwọ̀n ìjọba àpapọ̀ mu. Àwọn ọmọdé tó ní ásímà ni ó kọ́kọ́ máa ń kàn.

Àwọn ohun tí oníṣẹ́ yẹn fẹ́ yọ kúrò lára píkọ́ọ̀pù ni wọ́n ń dín èyí kù. Asẹ́ wà nínú sálẹ́ńsà tó ń mú èérú dúdú. Ohun èlò mìíràn ń lo omi tí wọ́n ń pè ní DEF láti sọ NOx di aláìléwu. Ní ọdún 2020, EPA ṣírò pé láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, àwọn ènìyàn ti yọ irú nǹkan wọ̀nyí kúrò lára píkọ́ọ̀pù dísẹ́lì tó ju 500,000 lọ ní Amẹ́ríkà.

Òfin Clean Air Act kò gbà á. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni yọ ohun tó ń dín èéfín kù, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí á fi sọ́fítíwíà pa iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan yóò sọ fún yín pé, "Àmọ́ wọn kì í dán èéfín dísẹ́lì wò ní Texas." Òótọ́ ni pé ọkọ̀ pẹtiróòlù ni ìdánwò èéfín ní Harris County wà fún. Ṣùgbọ́n pé ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ ẹ́ wò kò sọ ọ́ di ohun tí òfin gbà.

Kì í ṣe gbogbo àtúnkọ ni òfin kọ̀. Àwọn kan wà tí àjọ CARB ní California ti dán wò, tí wọ́n sì fún ní nọ́ńbà ìyọ̀ǹda. EPA náà ń gba nọ́ńbà yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹ béèrè fún un.

Ìtàkúrọ̀sọ

Ẹ ka èyí sókè. Ẹ wo bí ọmọ ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

— Ẹ kú iṣẹ́ o, sà.
— O ṣé, ọmọ mi. Dádì ńkọ́?
— Wọ́n wà, sà. Wọ́n ní kí n kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan nípa bréènbọ́ọ̀sì yẹn.
— Béèrè, kò burú.
— Kí gan-an ni wọ́n fẹ́ yí padà nínú máàpù rẹ̀?
— Wọ́n á fi kún epo àti afẹ́fẹ́ tọ́bò.
— Ṣé wọn ò ní yọ asẹ́ èéfín kúrò?
— Wọ́n lè yọ ọ́.
— Ẹ má bínú, sà, ẹ bá wa bi wọ́n bóyá wọ́n ní nọ́ńbà ìyọ̀ǹda CARB. Ṣé wọ́n á sì tọ́jú ẹ̀dà máàpù àkọ́kọ́ fún wa?

Ẹ rí i pé ọmọ náà pe bàbá rẹ̀ ní "wọ́n". Ẹ tún rí i pé ó kọ́kọ́ sọ pé "ẹ má bínú" kí ó tó béèrè ohun tó le. Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀. Ó ń fi ọ̀wọ̀ la ọ̀nà fún ìbéèrè rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ àti gírámà

Bréènbọ́ọ̀sì: kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì.
Nọ́sù: ẹnu tí epo ti ń fọ́n sínú ẹ́ńjìnnì.
Tọ́bò: ohun tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì.
Tọ́tù: ohun tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré.
Sálẹ́ńsà: ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde.
Asẹ́: ohun tí a fi ń sẹ́ nǹkan. Ìyá yín ní asẹ́ ògì nílé ìdáná. Ẹ má ṣe pè é bí àṣẹ, èyí tí ọba ń pa.

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń la ara wọn sí méjì: tún máàpù kọ, tún ọkọ̀ ṣe, yí nọ́ńbà padà, yọ asẹ́ kúrò, ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Àárín ni ohun tí a ń ṣe nǹkan sí máa ń wà. Bí ẹ bá gbọ́ "tún", ẹ dúró gbọ́ ìparí rẹ̀ kí ẹ tó mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí

Ọmọ náà béèrè ìbéèrè rẹ̀ ní Yorùbá, lójú bàbá rẹ̀. Mẹkáníìkì náà pe oníṣẹ́ yẹn lórí fóònù níbẹ̀. Kò sí nọ́ńbà ìyọ̀ǹda kankan, yíyọ asẹ́ sì wà lára owó tí ó dá lé e. Bàbá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mẹkáníìkì wá fẹ́ táyà dé ibi tó yẹ, ó pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́ tó ti kún fún eruku, ó sì ní òun yóò yẹ àwọn nọ́sù wò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ náà kò di ọkọ̀ eré ìje. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí àwọn àgbà méjèèjì bá dúró ti ọkọ̀ yẹn, wọ́n máa ń pe ọmọ náà kí ó wá gbọ́.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ bi bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n yín pé máìlì mélòó ni ọkọ̀ wọn ń rìn lórí gálọ́ọ̀nù kan. Kí ẹ béèrè ní Yorùbá, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an.